Àkísà Àgbà: Ìtàn Ẹ̀kú Eégún Kan Tó Ti Ògbómọ̀ṣọ́ Dé New York

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọ tó bá ń yájú sí àgbàlagbà ni wọ́n sábà máa ń pa òwe yìí fún, ṣùgbọ́n lójú tèmi, òwe nípa ìtàn ni. Aṣọ tuntun kò ní ohun púpọ̀ láti sọ ju iye tí wọ́n rà á lọ. Àkísà ló mọ ẹni tó wọ̀ ọ́, ọjà tí wọ́n ti rà á, òkú àgbà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á àti ìkómọ tí wọ́n tún wọ̀ ọ́ lọ. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn baba ńlá wa ti mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìwé ìtàn fún wa kà. Wọ́n kó aṣọ àwọn ará ilé jọ, wọ́n rán wọn mọ́ ara wọn, wọ́n sì sọ wọ́n di ohun kan ṣoṣo tí gbogbo ẹbí ní ìpín nínú rẹ̀. Ohun náà ni ẹ̀kú eégún.

Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ sọ ìtàn ọ̀kan nínú irú aṣọ bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n rán ní ìlú wa Ògbómọ̀ṣọ́ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tó sì wà ní ìlú New York lónìí. Mo tún fẹ́ fi hàn pé aṣọ lè ṣẹ́kù kí ìtàn tó wà lára rẹ̀ sọnù, àti pé èyí tó ń sọnù lọ́wọ́ wa báyìí ju aṣọ lọ.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a ń fi aṣọ rántí ẹbí. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní aṣọ ìbora kan tí wọ́n ń pè ní kuílìtì. Wọ́n á gé aṣọ ọmọ, ẹ̀wù bàbá àti aṣọ ìgbéyàwó ìyá sí wẹ́wẹ́, wọ́n á rán wọn pọ̀, ọmọ á sì jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá. Ẹni tó bá bo irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sùn mọ̀ pé òun kò dá sùn. Tiwa kì í ṣe aṣọ orí ibùsùn. Àwọn tó ti lọ ni a rán tiwa fún, kí wọ́n lè rí nǹkan wọ̀ nígbà tí wọ́n bá padà wá kí ọmọ wọn, nítorí ará ọ̀run ni a ń pe eégún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ méjèèjì jọra, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ń ṣe é, kì í sì í parí ní ìran kan.

Àṣà eégún ti pẹ́ ní Ọ̀yọ́. Samuel Johnson, àlùfáà tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, kọ ọ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn Tápà ni awo eégún ti wọ Ọ̀yọ́. Nígbà tí ó fìdí múlẹ̀ tán, ó di ara ìjọba. Alápìnni, ọ̀kan nínú àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méje, ni olórí awo eégún ní ààfin, èyí sì fi hàn pé wọn kò ka ọ̀rọ̀ eégún sí eré lásán.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù lọ nípa aṣọ eégún ayé àtijọ́ wá láti ọwọ́ àlejò. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, ọ̀gá nínú ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé. Wọ́n ṣeré níwájú Aláàfin fún un, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ó ní àwọn òṣèré náà wà nínú àpò ńlá tó bo gbogbo ara wọn, wọ́n sì fi ẹ̀já àkísà, dàmáàskì àti òwú aláràbarà ṣe orí wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ jáde bí òyìnbó, ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń ta lẹ́sẹ̀, àwọn èrò sì ń rẹ́rìn-ín. Òyìnbó náà gbájú mọ́ eré, ṣùgbọ́n èmi kò lè gbójú kúrò lára aṣọ. Àkísà àti dàmáàskì wà pa pọ̀ lára ohun kan náà ní ọdún 1826. Dàmáàskì ti òkè òkun wá, ó gba orí òkun àti ọ̀nà aṣálẹ̀ tàbí ọ̀nà etí òkun kó tó dé Ọ̀yọ́. Àkísà sì ti inú ilé wá. Ohun tó jìnnà jù àti ohun tó sún mọ́ni jù ni wọ́n rán pọ̀.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí Clapperton rí eré yìí, Ọ̀yọ́-Ilé ti di ahoro. Ogun Fúlàní láti Ìlọrin àti ìjà láàárín àwọn ìjòyè ló tú u ká. Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó ní ibi tó wà lónìí, àwọn mìíràn sì sá lọ sí àwọn ìlú tó ṣì dúró. Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìlú tí Ṣọ̀ún Ògúnlọlá tẹ̀dó yìí kò bọ́ sọ́wọ́ ogun, ó sì di ààbò fún àwọn ará ìletò àti ìlú kéékèèké tí ogun ti fọ́. Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí fún ẹni tó ń sá ogun. Kò lè gbé ilé, kò lè gbé oko, kò sì lè gbé sàréè baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè gbé oríkì rẹ̀ sí ẹnu, ó sì lè di aṣọ sórí. Mo gbà pé èyí wà lára ìdí tí eégún fi ní ipò ńlá bẹ́ẹ̀ ní ìlú tí àwọn tó sá ogun kún inú rẹ̀. Aṣọ ni sàréè tí ènìyàn lè gbé rìn.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Oríṣiríṣi eégún ló wà, èyí tí mo ń sọ yìí ni wọ́n ń pè ní paka. Láti inú ni ẹ̀kú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Aṣọ òfì tí wọ́n fi òwú funfun àti òwú aláró hun ló máa ń sún mọ́ ara ẹni tó gbé e, nítorí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń di òkú àgbà láyé àtijọ́. Ó bo ọwọ́, ó bo ẹsẹ̀, àwọ̀n tí wọ́n fi òwú hun ló wà lójú kí ẹni inú rẹ̀ lè rí ọ̀nà. Pákó pẹlẹbẹ kan wà lórí, ara rẹ̀ ni wọ́n so àwọn abala aṣọ gígùn mọ́, tí wọ́n rọ̀ sílẹ̀ yíká. Abala kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ẹyọ aṣọ kan. Wọ́n á mú aṣọ tó dára sí àárín, wọ́n á fi òmíràn gbá a létí, wọ́n á wá gé aṣọ sí onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́ bí eyín ayùn, wọ́n á rán an yí i ká. Pupa ni wọ́n sábà máa ń lò fún etí yìí.

Ní ọdọọdún, kí ọdún eégún tó dé, ẹbí á tún aṣọ náà wò. Ẹni tí Olódùmarè fún lọ́mọ lẹ́yìn ọdún pípẹ́ lè mú aṣọ wá láti fi dúpẹ́. Ẹni tó lọ sí ìrìn àjò tó sì bọ̀ láyọ̀ á mú aṣọ wá. Nígbà mìíràn, Ifá ló máa sọ fún wọn pé kí wọ́n fi aṣọ kún un. Tí abala kan bá sì gbó, wọn kì í sábà yọ ọ́ jù nù, orí rẹ̀ ni wọ́n ń rán tuntun lé. Nítorí náà, aṣọ tó pẹ́ jù ló wà nísàlẹ̀, èyí tó dé lánàá ló wà lókè. Ẹni tó bá fẹ́ rí ohun tí baba baba rẹ̀ mú wá, àfi kó kọ́kọ́ ṣí aṣọ baba rẹ̀ sókè. Bí eégún náà bá wá ń jó, tó sì yí bìrí, gbogbo abala á fò sókè bí ojú ewé ìwé tí atẹ́gùn ń ṣí. Àwọn àgbà gbà pé atẹ́gùn tó ń ti ara aṣọ náà fẹ́ sí ènìyàn, ìbùkún ló ń gbé bọ̀.

Ibi kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tó kan èmi gan-an, nítorí ọmọbìnrin ni mí. Gbogbo wa la mọ̀ pé obìnrin kì í wọ igbó ìgbàlẹ̀, àti pé bí obìnrin bá mọ awo, kò gbọdọ̀ wí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé eégún kò kan obìnrin nítorí èyí. Ṣùgbọ́n ta ló ń ra aṣọ? Ta ló ń tà á? Ta ló ń rẹ aró, ta ló sì ń ran òwú láyé àtijọ́? Àwọn ọmọ obìnrin ilé àti àwọn ìyàwó ilé ló ń mú èyí tó pọ̀ nínú aṣọ wọ̀nyí wá. Oyè Ìyá Àgan tilẹ̀ wà tí obìnrin ń jẹ nínú ọ̀rọ̀ eégún. Èyí túmọ̀ sí pé tí ọkùnrin bá gbé ẹ̀kú jáde lọ́sàn-án gangan, aṣọ àwọn obìnrin ilé ni gbogbo ìlú ń wò. A kò sọ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n wà níbẹ̀.

Mo lè wá sọ̀rọ̀ nípa aṣọ kan pàtó báyìí. Ní àdúgbò Brooklyn ní ìlú New York, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní Brooklyn Museum. Ní ọdún 1998, ẹnìkan fi ẹ̀kú eégún paka kan ta wọ́n lọ́rẹ. Àkọsílẹ̀ wọn sọ pé agboolé Lékèéwọgbẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti ṣe é, láàárín nǹkan bí ọdún 1920 sí 1948. Ní oṣù kejì ọdún 2019, wọ́n ṣí àfihàn kan tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní One: Egúngún, ó sì wà títí di oṣù kẹjọ. Ẹ̀kú kan ṣoṣo yìí ni gbogbo àfihàn náà dá lé lórí. Wọ́n ka oríṣi aṣọ tó wà lára rẹ̀, ó ju 300 lọ, láti ilẹ̀ Áfíríkà, láti Yúróòpù àti láti Éṣíà.

Ẹ dúró lórí iye yẹn. Ọ̀ọ́dúnrún aṣọ, lára eégún kan ṣoṣo, láti inú agboolé kan ṣoṣo. Òwú wà níbẹ̀, irun àgùntàn wà níbẹ̀, sẹ́dà, aró, igi àti alumíníọ̀mù wà níbẹ̀. Aṣọ tí ẹ̀rọ fi kẹ́míkà ṣe náà wà níbẹ̀, irú tí wọ́n ń pè ní rayon àti acetate. Àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí wúlò fún akọ̀tàn. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ilé iṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe rayon tà, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní sì ni acetate tó di ohun tí wọ́n ń hun ní aṣọ fún ọjà. Abala tí acetate bá wà lára rẹ̀ kò lè ti wà níbẹ̀ kí ogun yẹn tó parí. Báyìí ni aṣọ ṣe ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọjọ́ orí rẹ̀, kódà nígbà tí kò sí ẹni tó kọ déètì sí i.

Báwo ni aṣọ ilẹ̀ mẹ́ta ṣe pàdé ní Ògbómọ̀ṣọ́? Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, tó sì gba Òṣogbo àti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin, kò gba ìlú wa. Ẹsẹ̀ àti ọwọ́ àwọn oníṣòwò wa ló gbé aṣọ wọ̀nyí wá. Oníṣòwò ni ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n tẹ̀ dó sí ilẹ̀ Hausa, wọ́n sì pọ̀ ní àríwá ilẹ̀ tí a ń pè ní Gold Coast nígbà náà, tó di Ghana ní ọdún 1957. Wọ́n ń ta aṣọ níbẹ̀ títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde. Ọmọ tó bá bọ̀ wálé fún ọdún eégún láti irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ kì í bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Àrán, sẹ́dà tàbí dàmáàskì tó bá mú bọ̀ á di abala lára ẹ̀kú. Ẹ tún rántí irú ọdún tí ọdún 1920 sí 1948 jẹ́. Àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lọ ni. Ọrọ̀ ajé ayé wó lulẹ̀ láti ọdún 1929. Ogun Àgbáyé Kejì wá dé, ohun òkè òkun sì di ọ̀wọ́n. Síbẹ̀ agboolé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń fi aṣọ kún aṣọ. Ìwé ìtàn wo ló sọ bí àwọn ará ilé lásán ṣe la àwọn ọdún yẹn já ju èyí lọ?

Ṣùgbọ́n ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí. Nínú ìlà tí mùsíọ́ọ̀mù náà ti ka ohun tó wà lára ẹ̀kú, òwú wà, sẹ́dà wà, alumíníọ̀mù pàápàá wà. Kò sí orúkọ ìyàwó ilé kankan. Kò sí pé èyí ni aṣọ tí ẹni báyìí fi dúpẹ́ ọmọ, èyí ni aṣọ tí ẹni báyìí rà ní Gold Coast, èyí ni wọ́n fi rántí ẹni tó kú nígbà òtútù. Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn tó kọ àkọsílẹ̀ náà. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ wọn dáadáa, àwọn ló jẹ́ kí a mọ orúkọ ìlú àti agboolé. Ohun tí awò tí wọ́n fi ń wo òwú lè rí ni wọ́n kọ sílẹ̀. Awò kò lè rí ọpẹ́. Ẹnu ló ń sọ ọpẹ́, inú ilé sì ni ẹnu yẹn wà.

Ìtàn kan láti Amẹ́ríkà jẹ́ kí ohun tí mò ń sọ yé mi sí i. Wọ́n bí Harriet Powers sí oko ẹrú ní ìpínlẹ̀ Georgia ní ọdún 1837. Lẹ́yìn òmìnira, ó rán kuílìtì kan tó ya ìtàn inú Bíbélì sí, ó sì gbé e lọ sí ibi ìpàtẹ kan ní ìlú Athens ní ọdún 1886. Obìnrin aláwọ̀ funfun kan tó ń ya àwòrán, Jennie Smith, rí i, ó fẹ́ rà á, Powers sì kọ̀. Nígbà tí nǹkan wá le fún òun àti ọkọ rẹ̀, ó gbà láti tà á. Dọ́là 10 ló béèrè, dọ́là 5 ló rí gbà. Ṣùgbọ́n kó tó fi sílẹ̀, ó ṣàlàyé abala kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó rà á, Smith sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, Powers tún máa ń padà lọ wo aṣọ rẹ̀. Lónìí, kuílìtì yẹn wà ní Smithsonian ní Washington, a sì mọ ohun tí abala kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí láti ẹnu ẹni tó rán an. Owó tí wọ́n san fún un kéré, ó sì bani nínú jẹ́. Síbẹ̀, aṣọ nìkan ló kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ̀kú ti Ògbómọ̀ṣọ́ ní aṣọ tó ju 300 lọ, ṣùgbọ́n ó dákẹ́. Yorùbá sì ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ló kan àwa. Ní ọdún 1855 ni T. J. Bowen mú iṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi dé Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn wọn sì ti sọ ìlú wa di olókìkí. Ẹ̀sìn Mùsùlùmí náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín wa gidigidi. Nínú ilé Kristẹni ni wọ́n ti tọ́ èmi náà, a kì í sì í bọ eégún nílé wa. Àwọn kan gbà pé ohun tó yẹ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni iná. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni bọ ohun tí kò gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹbí kan bá sun ẹ̀kú, aṣọ tí ìyá bàbá àgbà wọn fi dúpẹ́ ọmọ ló ń jóná, ọmọ yẹn sì ni wọ́n ti ara rẹ̀ ṣẹ̀. Ènìyàn lè má gba ẹ̀sìn baba rẹ̀ kó ṣì mọ ọwọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. A kì í ya ojú ewé ìwé ìtàn nítorí pé a kò fẹ́ràn ọba tó wà nínú rẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní ó sàn kó wà ní òkè òkun, níbi tí ikán kò ti ní jẹ ẹ́. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Aṣọ tó wà ní Brooklyn kò jóná, òjò kò sì pa á. Ṣùgbọ́n kò lè yí bìrí mọ́. Abala tí wọ́n rán kó máa fò dúró sójú kan, ẹni tó bá sì ń wò ó kò rí èyí tó wà nísàlẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa náà ti rí i pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò yẹ kó máa jáde bẹ́ẹ̀ ṣáá. Láti ọdún 1953 ni òfin ti wà lórí kíkó wọn kúrò nílùú láìgba ìwé àṣẹ, èyí tó dé ní ọdún 1979 sì fi iṣẹ́ náà lé àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Òfin lè di ẹnubodè. Kò lè di ìgbàgbé.

Kí ló wá yẹ ká ṣe? Mo rí ìdáhùn kan lọ́dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi. Kò sí ẹ̀kú kankan lọ́wọ́ ìyá àgbà, àpótí aṣọ nìkan ló ní, irú èyí tó wà lábẹ́ ibùsùn ọ̀pọ̀ ìyá ní ìlú yìí. Tí wọ́n bá ṣí i, wọ́n lè mú ìró mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jáde lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sì sọ pé èyí ni a wọ̀ nígbà òkú bàbá yín àgbà, èyí ni ankárá ìgbéyàwó àǹtí yín, èyí ni mo rà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù ní Takie. Wọn kò ka ìwé rárá, ṣùgbọ́n ìwé ni àpótí yẹn jẹ́ fún wọn, àwọn nìkan ló sì lè kà á. Ní ìsinmi tó kọjá, mo mú ìwé ìdárayá kan, mo fi nọ́ńbà sí ìró kọ̀ọ̀kan, mo fi fóònù bàbá mi yà wọ́n, mo sì kọ ohun tí ìyá sọ sábẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ méjì ló gbà wá. Iye owó ìwé náà kò tó ti páálí bisikíìtì kan.

Agboolé tó bá ní ẹ̀kú lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Mo mọ̀ pé ohun tó jẹ́ awo wà níbẹ̀. Ẹni tó gbé e kì í ṣe ohun tí à ń sọ, ohun tí wọ́n dì sínú rẹ̀ náà kì í ṣe ohun tí à ń yà ní fọ́tò. Kí àwọn àgbà pa ìyẹn mọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó mú aṣọ wá kì í ṣe awo. Àwọn tó mú un wá kò fi pa mọ́ nígbà náà, gbangba ni wọ́n ti dúpẹ́. Kí ọ̀dọ́ kan nínú ẹbí tó mọ̀ ọ́n kọ jókòó ti alàgbà tó mọ̀ ọ́n sọ, kí wọ́n sì ka abala náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, níwọ̀n bí ìrántí bá gùn dé. Oríkì náà lè ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí bákan náà ni wọ́n ṣe ṣe é. Ìran kọ̀ọ̀kan ń fi ìlà kan kún un, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé ohun tí aṣọ ti gbàgbé wà lẹ́nu àwọn ìyàwó ilé tó ń ki ọmọ wọn láàárọ̀.

Ó tún yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ wa dá sí i. A ń kọ́ nípa ọkọ̀ ojú irin, nípa Clapperton, nípa Ogun Àgbáyé, a sì ń há déètì wọn sórí nítorí ìdánwò. Gbogbo ohun wọ̀nyí ló kọjá lára agboolé tí kò jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ wa, wọ́n sì fi òwú sílẹ̀ níbẹ̀. Olùkọ́ tó bá fi àwòrán ẹ̀kú ti ọdún 1920 sí 1948 han kíláàsì rẹ̀ lè kọ́ wọn ní òwò, ogun, kẹ́míkà àti ẹbí lórí aṣọ kan ṣoṣo.

Ẹ̀kú Lékèéwọgbẹ́ ti rìn ju ẹni tó rán an lọ. Ó sọdá òkun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àjèjì sì ti dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ń wo àwọ̀ rẹ̀, wọ́n ń ka orúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ lára ògiri. Inú mi dùn sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀kú mìíràn ṣì wà nílé, tí àwọn tó mọ ìtàn wọn ṣì wà láyé, tí wọ́n ń sun oorun ọ̀sán lórí ẹní lọ́wọ́lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí. Aṣọ lè dúró de ọdún tó ń bọ̀. Àgbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún lè má dúró dè é. Kí ẹni tó bá ní àgbà nílé lọ jókòó tì í, kó sì mú bírò lọ́wọ́.